Oníbodè Ilé Wa: Ráàkì àti Sáfà tí Mo Tò sí Yàrá Ìkẹ́rùsí

Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa ní Ìbàdàn, tí ó ṣí sí yàrá kékeré kan tí a fi ń kó ẹrù pamọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì epo àti àwọn àga ike tí a máa ń kó jáde nígbà ìnáwó ni ó kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Lónìí, bí ẹ bá ṣí i, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni ráàkì kan, férémù irin dúdú tí a ń to ẹ̀rọ sí, tí ó ga dé ìbàdí mi, pẹ̀lú àwọn iná kéékèèké aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, àti wáyà aláwọ̀ mẹ́rin tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Inú mi ń dùn sí i gidigidi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá àyè láti fi í han ẹ̀yin tí ẹ ń ka ohun tí mo ń kọ. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọlé.

Èyí tí ó wà lókè pátápátá ni mo fẹ́ràn jù. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ, kò ní fáànù, a sì fi irin tí ó ní gọ́tà-gọ́tà ṣe ara rẹ̀ kí ooru lè máa tibẹ̀ jáde. Intel N100 ni ọpọlọ rẹ̀, ihò wáyà mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni firewall ilé wa. Oníbodè ni mo ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo ará ilé lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n mọ odi yí Ìbàdàn ká láyé Balógun Ìbíkúnlé kò mọ ọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà wọlú mọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì bá tí dá ẹnubodè sí i lára. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde gba ojú ibi tí a ti lè rí i, kí oníbodè sì bi í pé níbo ni ó ti ń bọ̀, kí ni ó rù, ọ̀dọ̀ ta ni ó ń lọ. Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni kọ̀ǹpútà kékeré yìí ń bi gbogbo ẹrù, ìyẹn ìsọfúnni, tí ó bá ti íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa àti èyí tí ó bá ti ilé wa jáde. Ó tún ń bi èyí tí ń ti yàrá kan lọ sí òmíràn nínú ilé kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò dé.

Ètò tí mo gbé lé e lórí ni OPNsense, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìran rẹ̀ jìn díẹ̀. Inú OpenBSD, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, ni pf, tí ó ń ṣe iṣẹ́ yíyẹ ẹrù wò, ti jáde ní 2001. Ní 2003, Manuel Kasper, ará Switzerland, gbé m0n0wall, ètò firewall ọ̀fẹ́ kan, síta. Ní 2004, àwọn kan yọ pfSense láti ara m0n0wall. Ní oṣù kìíní 2015, ilé-iṣẹ́ Deciso ní Netherlands yọ OPNsense láti ara pfSense. Nígbà tí Kasper pa m0n0wall tì ní oṣù kejì ọdún náà, OPNsense ni ó ní kí àwọn tí ń lo tirẹ̀ lọ gbìyànjú. Mo lo pfSense fún ọdún kan, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan láti fi kàn án. Ojú ewé OPNsense ni ó kàn tètè yé mi, bí ó sì ṣe ń to òfin wu ojú mi. Òkè ni ó ti ń ka òfin wálẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí ó bá ẹrù mu ni yóò lò, èyí tí kò bá sì sí òfin tí ó gbà á láyè, kò ní kọjá.

Mo pín ilé náà sí ọ̀nà mẹ́rin, bí a ṣe ń pín agbo ilé sí ojúlé. VLAN ni wọ́n ń pe irú ìpín bẹ́ẹ̀, ìlànà 802.1Q tí ó wà fún un sì gba ènìyàn láyè láti dá tó 4,094 sílẹ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mẹ́rin ti tó wa. Fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà àwọn ará ilé wà ní VLAN 10. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ wà ní 20, òun nìkan. Amóhùnmáwòrán, kámẹ́rà àti ínfátà, tí òun náà ní ó fẹ́ máa bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, wà ní 30. Àlejò wà ní 40. Ẹni tí ó wà ní 10 lè wo kámẹ́rà tí ó wà ní 30, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè kan ilẹ̀kùn 10 láéláé. Àlejò lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó bá ṣe wù ú, kò kàn lè rí ohunkóhun mìíràn nínú ilé ni. Bí ọmọ àbúrò mi bá gbé fóònù tí kòkòrò ti wọ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ojúlé àlejò ni kòkòrò náà yóò há mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo parí ìpín yìí, mo fa àga ike kan síwájú ráàkì, mo sì ṣí ojú ewé tí oníbodè ti ń fi ohun tí ó ń ṣe hàn bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́. Ìlà aláwọ̀ ewé ni ti ẹrù tí ó ti kọjá, pupa ni ti èyí tí ó dá padà. N kò tíì jókòó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìlà pupa kan fi yọ: 192.168.30.14. Kámẹ́rà ẹnu géètì ni. Ó fẹ́ lọ sí àdírẹ́sì kan ní òkè òkun tí n kò rán an lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti kan ilẹ̀kùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó ti lé ní ọdún méjì tí kámẹ́rà yìí ti wà lára ògiri wa, tí ó ń wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ̀ pé ó ń bá ará òde sọ̀rọ̀. Bóyá aago ni ó ń bèèrè, bóyá ètò tuntun ni ó ń wá. Ohun tí ó ká mi lára ni pé èmi tí mo ra á kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ oníbodè ni ó ti ń gba aago, àwòrán rẹ̀ kì í sì í jáde kúrò nínú ilé.

Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti rútà káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni kò lo idán kankan. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ ti fi sí ẹ̀rọ náà látilẹ̀wá, irú bí admin àti 12345, ni ó ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé kì í yí i padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ya bo Dyn, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń bá àwọn ìkànnì ńláńlá tọ́ka àdírẹ́sì wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè ṣí Twitter àti Netflix fún wákàtí mélòó kan.

Mo ti ti ara mi mọ́ta lẹ́ẹ̀kan rí. OPNsense ní òfin kan tí ó máa ń fi sílẹ̀ kí onílé má baà há síta, mo sì pa á, nítorí mo gbà pé òfin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ti tó. Nọ́ńbà VLAN kan ni mo ṣì kọ. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì báyìí ni ojú ewé náà kú, tí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé sì bá a lọ, ìyàwó mi sì wà lẹ́nu ìpàdé iṣẹ́ lórí fídíò. Mo ní láti gbé amóhùnmáwòrán kékeré àti kíbọ́ọ̀dù wá sí yàrá ìkẹ́rùsí, kí n so wọ́n mọ́ oníbodè fúnra rẹ̀, kí n sì mú un padà sí bí ó ti wà ní àná, nítorí ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí i. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kíbọ́ọ̀dù náà kò kúrò lórí pẹpẹ ráàkì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ráàkì yìí fúnra rẹ̀, wẹ́dà àdúgbò wa ni ó bá mi jó o. Mo ti yẹ ti òyìnbó wò, owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́, irin igun sì wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ ọ̀gá. Mo sọ fún un pé ìnṣì 19 ni fífẹ̀ ohun tí yóò wọ inú rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n pé pérépéré. Ìṣòro wà lára ihò. Ọ̀gá lu ihò rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti òkè délẹ̀, bí ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ yóò ti ṣe, ṣùgbọ́n ihò ráàkì kì í dọ́gba. Pẹpẹ kan, tí wọ́n ń pè ní 1U, ga ní mìlímítà 44.45, ihò mẹ́ta ni ó sì ní: mìlímítà 15.875 ni ó wà láàárín èkíní àti èkejì, 15.875 láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà 12.7 péré kí a tó dé ihò àkọ́kọ́ ti pẹpẹ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí a gbé switch, àpótí tí a ń so gbogbo wáyà ilé mọ́, dé ibẹ̀, ìdè kan wọlé, ìkejì kọ̀. Ọ̀gá wo irin, ó wò mí, ó ní, “Ẹ gbé nǹkan náà wá, ẹ má wulẹ̀ ka nọ́ńbà fún mi mọ́.” Mo gbé patch panel 1U kan, irin olójú ihò tí a ń ki wáyà sí, lọ fún un. Ó tẹ́ ẹ lé irin tuntun, ó fi ìṣó ṣàmì sí gbogbo ihò rẹ̀, ó sún un wálẹ̀, ó tún ṣàmì, títí ó fi pé 16U. Kò sí ohun tí ó kọ̀ láti wọlé mọ́. Èmi àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni a jọ fi ọ̀dà dúdú kùn ún.

Wáyà ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù. Cat6 ni gbogbo rẹ̀, láti ráàkì lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Okùn kéékèèké mẹ́jọ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètò tí mo sì ń tẹ̀lé ni T568B: ọsàn tí ó ní funfun, ọsàn, ewé tí ó ní funfun, búlúù, búlúù tí ó ní funfun, ewé, bíráwùn tí ó ní funfun, bíráwùn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ewé méjèèjì kò jókòó ti ara wọn. Búlúù méjèèjì ni ó wà láàárín wọn, nítorí ipò kẹta àti ìkẹfà ni ẹ̀rọ ń lò bí ẹnì kejì ara wọn. Wáyà tí ó lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa fi oṣù kan fìyà jẹ mí nítorí èyí, torí pé ẹni tí ó bá mi ṣe é to àwọ̀ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní orí méjèèjì. Ẹ̀rọ tí a fi ń dán wáyà wò ní ó dára, iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń tàn létòlétò, ṣùgbọ́n bí fáìlì ńlá bá ti ń gbabẹ̀ kọjá, ó di ìgbín. Okùn tí a lọ́ pọ̀ ní láti ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí a bá fi okùn kan láti inú ìlọ́pọ̀ méjì tí ó yàtọ̀ ṣe ẹnì kejì ara wọn, ariwo wọn yóò máa dà sínú ara wọn. Mo gé orí méjèèjì dànù, mo tún un ṣe fúnra mi, ó sì sáré. Pupa ni wáyà tí ń ti òde wọlé, búlúù ni ti ará ilé, ewé ni ti iṣẹ́, òféèfèé ni ti kámẹ́rà àti ẹbí rẹ̀. Orúkọ yàrá tí ó ń lọ wà lórí gbogbo wọn, ní orí méjèèjì.

Wáyà kan ṣoṣo ni ẹ kò ní rí nínú àwọn tí mo fi bẹ̀rẹ̀: èyí tí ó ń lọ sí ẹnu géètì. Bàbà ni tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, àrá kan sán tí ó mú kí gbogbo ilé gbọ̀n. Nígbà tí mo dé yàrá ìkẹ́rùsí, òórùn jíjó ti gba ibẹ̀, switch ti kú, kámẹ́rà méjì sì bá a lọ. Bàbà tí ó gba inú ilẹ̀ àti ojúde kọjá ni ó gbé iná àrá wọlé. Okùn fáíbà ni mo fi rọ́pò rẹ̀, nítorí gíláàsì kì í gbé iná, mo sì ní kí oníṣẹ́ iná ri ọ̀pá sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé kí ó sì so irin ráàkì mọ́ ọn. Àrá ti sán lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ iná kò ní ìparí lọ́dọ̀ wa, òun sì ni mo fi ń ṣe ìdájọ́ ohunkóhun tí ó bá fẹ́ wọ ráàkì yìí. Àwọn tí ń fi ráàkì wọn hàn láti òkè òkun fẹ́ràn sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú nǹkan fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) àlòkù ti ilé-iṣẹ́ ńlá, irú bíi Dell PowerEdge R710 tí ó jáde ní 2009. Ó dára lójú, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè máa jẹ nǹkan bí wáàtì 150 nígbà tí kò ṣiṣẹ́ kankan, ariwo fáànù rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ráàkì mi, oníbodè, switch, sáfà, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ Wi-Fi méjèèjì, ń jẹ wáàtì 85. Kílówáàtì-wákàtí méjì nìyẹn lójúmọ́. Ní iye owó 225 náírà tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù kẹrin 2024, 450 náírà ni. Bátìrì lithium kan tí ó gba kílówáàtì-wákàtí méjì àbọ̀ ni mo yà sọ́tọ̀ fún un, ó sì lè gbé e fún ohun tí ó lé ní ogún wákàtí. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Fóòmù tín-ín-rín ni mo fi dí abẹ́ ráàkì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo sì ń fọ̀ ọ́. Nẹ́ẹ̀tì ni mo fi dí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọmọńlé má baà wọ ibi tí ó ti ń móoru.

Ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé: fáíbà tí ó gba òpó wá, àti Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023. Oníbodè ń kí ọ̀nà méjèèjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bí ìkíni tí kò rí ìdáhùn bá sì ti kọjá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, á darí wa sí ọ̀nà kejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Abidjan, fáíbà wa kò kú tán, ó ń mí gúlegúle ni. Ìwé iṣẹ́ oníbodè ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé a ti kúrò lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè mí nínú ilé lọ́jọ́ náà láti bèèrè ohun tí ó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni sáfà wà, Lenovo ThinkCentre kékeré àlòkù kan tí ó ń lo Proxmox, ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀, pẹ̀lú dísìkì méjì tí ń kọ ohun kan náà nígbà kan náà, kí ọ̀kan lè máa sọ ìtàn bí èkejì bá kú. Fọ́tò gbogbo ìdílé wà níbẹ̀. Èyí tí ó ṣe iyebíye jù ni kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá tí màámi tọ́jú sínú àpótí aṣọ, ohùn ìyá wọn tí ó ti di olóògbé, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa. Mo gbà wọ́n sórí sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester. Nígbà tí wọ́n wálé ọdún Kérésìmesì ni mo ti da gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì kan fún wọn láti gbé lọ, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì wa ìbá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko rù ú. Ohun tí ó bá yí padà nìkan ni ó ń lọ lóru báyìí. Kò sí èyí tí ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú ọ̀nà wa méjèèjì. Inú 100.64.0.0/10, àkójọ àdírẹ́sì tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń pín, ni wọ́n kó wa sí, ẹni òde kò sì lè kàn sí wa tààrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Jámánì, kí a lè gba ibẹ̀ dé ilé láti òde. Oníbodè ni ó ń fi WireGuard, ètò tí ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, na ọwọ́ sí i láti inú ilé, ní ìṣẹ́jú-àáyá 25 kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń mì ín kí ọ̀nà náà má baà dí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, NEPA mú iná lọ ní aago méje alẹ́. Òjò ti dí ojú Starlink, fáíbà náà kò sì dáhùn. Fún bí ogójì ìṣẹ́jú, gbogbo ìlà tí ó fẹ́ jáde lójú oníbodè ni ó pupa. Màámi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì wọn lórí ẹsẹ̀, ní VLAN 10. Mo lọ bá wọn láti sọ fún wọn pé íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kẹrin ni wọ́n ń gbọ́, láti yàrá ìkẹ́rùsí.